Ìwé tí Mo Lẹ̀ Bo Orúkọ Fólúkẹ́

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń ro iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ kú ìrònú o. Sàlámọ́tù ni wọ́n sọ mí, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mí, àmọ́ bẹ́ ẹ bá dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ ní Sàlámọ́tù lẹ̀ ń wá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Ìyá Bọ́ọ̀dù ni kí ẹ béèrè. Mi ò kàwé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń kọ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún un ṣe. Ohun tó bá ti ẹnu mi jáde ni kó kọ.

Iṣẹ́ ìwé ìkéde ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ ìdánwò ni, gbèdéke ìforúkọsílẹ̀ ni, ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ni, orúkọ ẹni tó wọlé àti ẹni tí kò wọlé, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kó tó dé ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rín ń pa yín? Ẹ rín in. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín A àti àdá ló ń gbé ìròyìn fún àwọn ọ̀mọ̀wé.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ ò gùn. Ọkọ mi kú, àbúrò rẹ̀ mọ ẹnì kan níbẹ̀, wọ́n ní kí n wá máa gbálẹ̀. Mo gbálẹ̀ fún ọdún kan. Ọjọ́ kan ni Bàbá Jéèkọ́bù dúró lẹ́yìn mi. Òun ni olórí àwọn mẹ́sẹ́ńjà, bàbá gíga kan, aṣọ kákí rẹ̀ le gbáú bíi pákó, kì í sì í rẹ́rìn-ín kí oòrùn tó mú. Ó wo ilẹ̀ tí mo gbá, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ìlà ọwọ̀ rẹ gún. Ju ọwọ̀ yẹn sílẹ̀. Tẹ̀ lé mi."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ṣítáàṣì. Ṣítáàṣì ẹ̀gẹ́ la fi ń lẹ ìwé nígbà náà, irú èyí tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń mú aṣọ le. Bó bá ṣàn jù, ìwé á já. Bó bá ki jù, á wú kókó. Bàbá á ti ìka bọ̀ ọ́, á fi pa àtàǹpàkò, á ní, "Kókó wà níbẹ̀," á sì dà á nù sẹ́yìn ilé. Mo sunkún o. Bí mo bá lẹ ìwé tó wọ́ sápá kan, á fi rúlà kan eegun ọwọ́ mi kó! "Ṣé ọmọ ọlọ́mọ máa yí ọrùn kó tó mọ̀ bóyá òun yege ni?"

Nígbà tó mọ̀ pé mi ò kàwé, mo rò pé á lé mi. Kò lé mi. Ó ní, "Ẹnu rẹ ò ní kà á, ojú rẹ ló máa kà á." Bó bá ti gbé ìwé fún mi, á sọ iye ọjọ́ tó kù kí gbèdéke rẹ̀ pé. Èmi á mú ṣọ́ọ̀kì, màá fa iye ìlà yẹn sára igi bọ́ọ̀dù, lábẹ́ ìwé náà gan-an. Láàárọ̀ ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan, màá fi àtàǹpàkò nu ìlà kan kúrò. Ọjọ́ tí ìlà bá tán, ìwé ti kú nìyẹn, kí n ṣí i kúrò. Òfin tó fi dè mí ò ju ẹyọ kan lọ. "Ìwé tó bá ṣì ní ìlà, alààyè ni. A kì í sin alààyè."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá fẹ́ràn ìlà mi ju ìwé lọ. Wọ́n á sáré dé, "Ìyá Bọ́ọ̀dù, ó ku mélòó?"

"Méjì."

"Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi kan kún un."

"Ṣé èmi ni mo ni ọjọ́? Lọ bẹ oòrùn."

Nǹkan méjì mìíràn ni Bàbá Jéèkọ́bù tún sọ fún mi tí mi ò gbàgbé. Ó ní kí n má ṣe fẹ̀yìn ti bọ́ọ̀dù láé. Ó ní gbogbo ojú tó ti wá orúkọ ara rẹ̀ tí kò rí i, ibẹ̀ ni wọ́n wà, wọn kì í bá ẹni tó ni wọ́n lọ sílé. Mo rò pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Èkejì, ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o ò kàwé. Bí wọ́n bá mọ̀, ọwọ̀ ni wọ́n máa tún gbé lé ọ lọ́wọ́." Èyí èkejì yìí ni ibi kan ṣoṣo tí ọ̀gá mi ti ṣì mí lọ́nà, Ọlọ́run dárí jì í.

Bàbá fẹ̀yìn tì, kò pẹ́ tó fi kú. Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí ló wá ń gbé ìwé fún mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀ ni. Màá fi ọgbọ́n bi í pé, "Ọjọ́ mélòó la tiẹ̀ fún wọn lọ́tẹ̀ yìí?" Á dáhùn, màá fa ìlà mi. Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀, kò sẹ́ni tó fura.

Lọ́dún kan, nígbà tí àwọn ọmọ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó gbé ìwé orúkọ kan wá. Gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Ẹni tí kò bá mú un wá, wọ́n á gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo lẹ̀ ẹ́, mo fa ìlà mẹ́wàá.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni òjò kan rọ̀. Ẹ̀fúùfù gbé òjò yẹn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bọ́ọ̀dù wà. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, igi bọ́ọ̀dù mọ́ bí àwo tí wọ́n fọ̀. Ìwé mẹ́fà ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn rin gbindin, wọ́n sì jọra lójú mi, ìlà ò sí lábẹ́ ẹyọ kan. Mi ò mọ alààyè, mi ò mọ òkú. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí fi gbé ìwé ńlá kan dé, àtẹ àkókò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni, ó fẹ̀ bí ìró.

"Ìyá, kíá, kíá! Rẹ́jísítírà ń bọ̀ wá wò ó."

Mo la ẹnu láti sọ pé, "Ọmọ mi, bá mi ka àwọn wọ̀nyí ná." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì sì kọjá, wọ́n kí mi. Ìtìjú mú mi. Mo pa ẹnu dé. Mo wo èyí tí yíǹkì rẹ̀ ṣá jù, mo ní eléyìí ni á ti kú, mo lẹ ìwé ńlá bò ó. Bí mo ṣe ń fi aṣọ nù ún kó lè dúró, nǹkan kan ta pútú lábẹ́ ọwọ́ mi, bí ọmọ ṣe máa ń tàpá nínú oyún. Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Mo tún nù ún.

Lọ́jọ́ kejì ni ọmọbìnrin kan wá bá mi, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, búláòsì àwọ̀ ewé lọ́rùn, fáìlì pupa ní àyà.

"Ẹ káàsán, mà. Fólúkẹ́ lorúkọ mi, Ìkòyí-Ilé ni mo ti ń bọ̀. Bàbá mi ni kò gbádùn, òun ló jẹ́ kí n pẹ́. Wọ́n ní ìwé orúkọ kan máa jáde fún àwa tá a máa mú ìwé ẹ̀rí wá. Mo wò ó, mi ò rí i. Ṣé ó ti jáde?"

Kí ni kí n sọ? Bí mo bá ní mi ò mọ̀, á ní, Ìyá Bọ́ọ̀dù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ gbogbo rẹ̀? Mo wo ojú bọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń kà á. Mo ní, "Kò tíì jáde, ọmọ mi. Padà wá."

Ó padà wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ yẹn ti Ìkòyí-Ilé wá sí Ọ̀yọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kò tíì jáde. Ẹ máa ní kí ló dé tí kò lọ béèrè ní ọ́fíìsì. Ó lọ. Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí ní, "Lọ wo bọ́ọ̀dù." Bọ́ọ̀dù ni gbogbo wọn máa ń ní kéèyàn lọ wò.

Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹrin, gbèdéke ti kọjá. Wọ́n ti gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí bá a jáde wá síbi bọ́ọ̀dù láti fi ìwé orúkọ hàn án. Kò rí i. Ló bá fa etí ìwé ńlá náà, ó ya á sílẹ̀ fàà, ìwé orúkọ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Apá ibi tí orúkọ Fólúkẹ́ wà bá ṣítáàṣì lọ, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé òkè. Ibi tó ti ṣí kúrò mọ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, funfun báláú.

Ó ní, "Ìyá, ṣé orí ìwé orúkọ ni ẹ lẹ ìwé ńlá yìí lé?"

Mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ní, "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣí i wá síbẹ̀, bóyá. Wọ́n máa ń fọwọ́ kan nǹkan."

Fólúkẹ́ wò mí. Kò sunkún, kò bú mi. Ó kàn wo ọwọ́ mi, ṣítáàṣì gbígbẹ wà ní gbogbo ìka mi. Ó gbá fáìlì rẹ̀ mọ́ra, ó lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ojú ibẹ̀ ò gbẹ mọ́. Mo ha á, mo fọ̀ ọ́, mo sá a. Ọyẹ́ dé, ètè gbogbo wa là, ewé ń fọ́ wẹ́wẹ́ lórí igi, àtẹ́lẹwọ́ ibi kan lára bọ́ọ̀dù mi tutù rinrin. Ìwé tí mo bá lẹ̀ síbẹ̀ á wú, á rọlẹ̀, á tún wú, bí ikùn ẹni tó ń sùn. Ìyá Rọ́dà, tá a jọ ń gbálẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní, "Sàlámọ́tù, bọ́ọ̀dù tìẹ ò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ ilé ìtọ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò kọjá eyín.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń pe ìrun ọ̀sán lọ́wọ́, mo gbé ìkòkò ṣítáàṣì mi yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan dúró níwájú bọ́ọ̀dù, ó kẹ̀yìn sí mi. Búláòsì àwọ̀ ewé. Fáìlì pupa. Ó na ìka kan, ó fi kan ojú ibi tó tutù yẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní ó wá bẹ̀bẹ̀ ni. Mi ò kí i. Ojú ń tì mí, mo sá sẹ́yìn òpó, mo dúró síbẹ̀ títí ọkàn mi fi balẹ̀. Nígbà tí mo yọjú, kò sẹ́nì kankan. Mo lọ bá aṣọ́nà ní géètì, mo ní ọmọbìnrin Ìkòyí tó wọlé yẹn, ṣé ó ti lọ?

"Ìyá, kò sí ọmọbìnrin kankan tó wọlé. Àbí ààwẹ̀ lẹ̀ ń gbà?"

Mo padà síbi bọ́ọ̀dù. Erùpẹ̀ pupa wà nílẹ̀, ipa ẹsẹ̀ ni. Mo rí ẹsẹ̀ tó wá. Mi ò rí ẹsẹ̀ tó padà.

Ojoojúmọ́ ló wá ń rí bẹ́ẹ̀. Bí ìrun ọ̀sán bá ti tó, ó ti dúró síbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò rí i, àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó ń tẹ ojú ibẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ níwájú bọ́ọ̀dù, wọ́n á fún ara wọn mọ́ apá ọ̀tún àti òsì, àyè ẹnì kan á ṣófo láàárín. Èmi kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn òpó ni mò ń gbé. Ọkàn mi sọ fún mi pé ọmọ yẹn ti kú, pé èmi ni mo pa á.

Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ Sátidé, mo gun ọ̀kadà láti ibẹ̀ dé Ìkòyí-Ilé. Mo béèrè ilé Fólúkẹ́ bí ẹni tó ń béèrè ilé òkú. Wọ́n júwe rẹ̀ fún mi. Mo dé ibẹ̀, mo bá a. Ààyè ni! Òun àti ìyá rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fi àga lọ̀ mí.

Fólúkẹ́ kí mi, ó gbé omi wá. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà." Mo ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ báyìí, ni ohùn ìrun ọ̀sán dún láti mọ́ṣáláṣí. Ọwọ́ Fólúkẹ́ dúró. Ẹyọ ẹ̀gúsí kan wà láàárín ìka rẹ̀, kò ṣẹ́ ẹ, kò jù ú. Ojú rẹ̀ ṣí, àmọ́ kì í ṣe wa ló ń wò.

Ìyá rẹ̀ gbé ìka sí ètè. "Ẹ jẹ́ ká dákẹ́. Ó ti lọ."

"Ó lọ síbo?"

"Bí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá ti lọ mú un bọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé e nílé ìwé ni. Ojoojúmọ́, ní àkókò yìí."

A jókòó tì í. Kò pẹ́ ju ìgbà téèyàn fi ń se omi kó hó. Nígbà tó mí kanlẹ̀, tó ṣẹ́jú, ìyá rẹ̀ mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi etí ìró nu ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀. Nǹkan funfun wà níbẹ̀.

"Mo kọ́kọ́ rò pé ti ẹ̀gúsí ni," ìyá rẹ̀ ní, "àmọ́ ó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ."

Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi. Ẹni tó se ṣítáàṣì tó ọdún tí mo ti sè é mọ òórùn rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi obìnrin. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Òjò, ìlà tó parẹ́, ìwé ńlá, kò tíì jáde, kò tíì jáde, kò tíì jáde. Mo ní mi ò kàwé, ìtìjú ló mú mi purọ́. Fólúkẹ́ tẹ orí ba, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ò ní kí n dìde. Ó kàn ní:

"Èmi kọ́ lẹ máa sọ ọ́ fún, Ìyá. Ibi tẹ́ ẹ ti dákẹ́ ni kí ẹ lọ sọ ọ́."

Lọ́jọ́ Ajé mo kan ilẹ̀kùn rẹ́jísítírà. Mo rò ó fún un láti orí dé ìdí. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ẹ ò kàwé? Ẹ̀yin? Ìyá Bọ́ọ̀dù?"

"Mi ò kà á, sà."

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí!" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yín lè bọ́?"

"Mo mọ̀, sà. Ọmọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ wá."

Àwọn aláṣẹ ṣèpàdé lórí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí gbé ìwé méjì fún mi, kò wo ojú mi. "Èyí àkọ́kọ́, wọ́n ti dá àyè Fólúkẹ́ padà. Kó wá láàárín ọjọ́ márùn-ún. Èyí èkejì..." Ó fi ìka kàn án. "Ti yín ni, Ìyá. Wọ́n ní kí ẹ kúrò nídìí bọ́ọ̀dù fún ọdún kan, kí ẹ máa fọ ilé ìyàgbẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ rí i."

Èmi náà ni mo lẹ̀ ẹ́, ó gún régé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kà á sókè lẹ́yìn mi, mo sì ń gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu wọn. Ìwé Fólúkẹ́ ni mo lẹ̀ sí ojú ibi tó tutù. Kò wú. Ní ìrọ̀lẹ́ mo fọwọ́ kàn án, ó gbẹ bí egungun. Fólúkẹ́ dé nígbà tó ku ìlà mẹ́ta, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí i. Láti ọjọ́ náà ni àyè tó ń ṣófo láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dí.

Mo fọ ilé ìyàgbẹ́ fún ọdún kan, mo padà sídìí bọ́ọ̀dù. Mo ń bi ẹnikẹ́ni tó bá kọjá pé, "Bá mi kà á, mi ò kàwé." Ẹ má rò pé wọ́n fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ń tò láti kà á fún mi. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò béèrè ló ń pọ́n ara rẹ̀ lójú. Bẹ́ ẹ bá máa mú iṣẹ́ kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ lè wí níbẹ̀ pé "mi ò mọ̀". Bí ẹ ò bá lè wí i, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan wá ń yí padà. Ṣítáàṣì lọ, píìnì dé. Píìnì lọ, wọ́n fi dígí bo bọ́ọ̀dù, wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ní ìgbẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ bọ́ sínú fóònù, èmi àti kọ́kọ́rọ́ mi ń ṣọ́ dígí tó ṣófo. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo kó wá sọ́dọ̀ ọmọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èyí tó ń kọ̀wé yìí ń lọ sí yunifásítì níbí. A lè máa jẹun lọ́wọ́ kí fóònù rẹ̀ dún, á ní, "Mọ́mì àgbà, wọ́n ti sún gbèdéke síwájú." Màá ní, "Ta ló lẹ̀ ẹ́?" Á ní kò sẹ́ni tó lẹ̀ ẹ́. Ara mi a máa bù máṣọ, ìwé tí kò ní ọwọ́.

Fólúkẹ́ náà di olùkọ́ nílùú yìí. Láàárín ọdún mẹ́ta tó fi wà nílé ẹ̀kọ́ yẹn, ó ń kí mi, mò ń kí i, a ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ẹ̀rù ń bà mí láti bi í. Lóṣù tó kọjá ló gbọ́ pé mo wà níbí, ó wá kí mi, ewú ti wà lórí òun náà. A jẹun, a rẹ́rìn-ín. Mo wá ro ọjọ́ orí mi, mo ní bí mi ò bá bi í báyìí, ìgbà wo?

"Fólúkẹ́, àkókò ìrun ọ̀sán ìgbà yẹn, lábẹ́ igi ọsàn. Ibo lò ń lọ?"

Kò yà á lẹ́nu. Ó gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo máa ń wá wo orúkọ mi ni, mà. Mo máa ń rí yín lẹ́yìn òpó. Ẹ̀yin ni ẹ ò kí mi."

Mo fọwọ́ ti àga, mo dìde, orúnkún mi méjèèjì sì kanlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo lè bí.

"Fólúkẹ́, ẹ kú ìdúró o."

Ó mú mi lápá, ó gbé mi dìde.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ló wí.